Èwo la ó pa mọ́, èwo la ó pa rẹ́? Ìfiwéra ọ̀nà mẹ́rin tí backup kọ̀ǹpútà fi ń ṣe ara rẹ̀ ní mímọ́

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kẹfà, akápò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní Kubwa pè mí lórí fóònù. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni ìyá náà, wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, wọn kì í sì í ṣe aláriwo. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, owó tó wà níwájú orúkọ àwọn èèyàn yìí kì í ṣe owó wọn o.” Mo ní, “Ẹ má mikàn, mà. Ojoojúmọ́ la ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀.”

Òótọ́ ni mo sọ. Tó bá ti di aago mẹ́sàn-án alẹ́, kọ̀ǹpútà wọn máa ń da fáìlì Excel náà kọ sórí hard disk, ó sì ń tọ́jú 14 tó dé kẹ́yìn. Bí tuntun bá ti ń wọlé ni èyí tó pẹ́ jù ń jáde. Àmọ́ láti oṣù kẹta ni ẹnì kan ti yan ìlà tí owó wà nìkan, tó ní kí Excel tò ó láti kékeré dé ńlá. Owó ṣí kúrò, orúkọ dúró síbi tó wà. Kò sẹ́ni tó fura títí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi fẹ́ yá owó. Mo ṣí ẹ̀dà àkọ́kọ́, mo ṣí èkejì, mo ṣí gbogbo 14. Gbogbo wọn jọra bí ìbejì, gbogbo wọn ló ṣìnà. Káàdì ìdáwó tí kálukú ní nílé ló yọ wá. Sátidé méjì la fi jókòó ní pálọ̀ ìyá náà, tí ẹnì kan ń ka káàdì síta, tí èmi ń tẹ owó padà síwájú ẹni tó ni ín. Èmi ni mo yan 14 yẹn, ẹ̀bi rẹ̀ tèmi ni.

Láti ọjọ́ náà, kí n tó bi oníbàárà ní bí hard disk rẹ̀ ṣe tóbi tó, ìbéèrè mìíràn ni mo máa ń kọ́kọ́ bi í: bí nǹkan bá bàjẹ́ lónìí, ọjọ́ wo lẹ máa mọ̀? Fóònù tó jábọ́ sómi, ojú ẹsẹ̀ lẹ máa mọ̀. Iye tí wọ́n kọ ṣì nínú ìwé owó, ó lè di ìparí ọdún. Ìdáhùn yẹn ni mo fi wọn ọ̀nà mẹ́rin tí mo fẹ́ fi wéra níbí, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti yàtọ̀ síra jù.

Kíka iye, tàbí kíka ọjọ́ orí

Ọ̀nà méjì tó rọrùn jù ló máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn. Àkọ́kọ́ ni ti iye: tọ́jú mẹ́wàá tó kẹ́yìn, tàbí 14, tàbí 30, pa ìyókù rẹ́. Èkejì ni ti ọjọ́ orí: ohunkóhun tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọjọ́, pa á rẹ́.

Wọ́n jọra létí, àmọ́ ìṣe wọn yàtọ̀ bí nǹkan kò bá lọ déédéé. Ọ̀nà ti iye kì í tú àpò dànù. Ẹ ti kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì pa ní oṣù kejìlá, gbogbo èèyàn wọkọ̀ lọ sílé ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo, ní Adó-Èkìtì, ẹ padà ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kìíní: ẹ̀dà 14 yín ṣì wà níbẹ̀ bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Ibi tó ti máa ń jáni kulẹ̀ ni ìgbà tí ẹ̀dà bá ń wọlé gìrìgìrì. Bí ẹnì kan bá yí ètò padà, tí ẹ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní wákàtí wákàtí dípò ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, 14 tó ń gbé yín padà sí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn á di wákàtí 14 péré. Kò sí ohun tó máa kìlọ̀ fún yín, torí iye ṣì pé.

Ọ̀nà ti ọjọ́ orí kò ní ìṣòro yẹn. Oṣù kan ni oṣù kan, ì báà jẹ́ ẹ̀dà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀ tàbí ọ̀ọ́dúnrún. Ewu tirẹ̀ wúwo ju ìyẹn lọ ṣá. Aago ń lọ, yálà ẹ̀dà tuntun wọlé tàbí kò wọlé. Mo ti rí i ní ọ́fíìsì kan ní Wuse 2. Ẹnì kan yí ọ̀rọ̀ ìwọlé dátábéèsì wọn padà, kò sọ fún ẹni tó ń bójú tó backup. Láti alẹ́ ọjọ́ náà, àṣẹ tó ń da dátábéèsì náà kọ kò rí ọ̀nà wọlé mọ́, àmọ́ ó ń dá fáìlì sílẹ̀ lóru lóru, pẹ̀lú orúkọ àti ọjọ́ tó pé. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, àṣẹ kejì, irú èyí tí àwa tó ń lo Linux máa ń kọ báyìí, `find -mtime +30 -delete`, ń pa àwọn àgbà rẹ́ láìwo ẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n fi máa pè mí, ó ti lé ní oṣù kan dáadáa. Mo ṣí fódà náà, fáìlì ọgbọ̀n tò sísàlẹ̀ bí ọmọ ogun, ọjọ́ wọn tẹ̀ léra, ìwọ̀n wọn sì rèé láti òkè délẹ̀: 0, 0, 0, 0. Fíláàṣì kan tí akọ̀wé owó wọn ti gbàgbé sínú dúrọ́ọ̀ láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ padà. Oṣù mẹ́rin tó kù, inú rìsíìtì ni wọ́n ti tún un tẹ̀.

Bí ẹ bá máa lo ọjọ́ orí, ẹ fi nǹkan méjì kún un. Kí ẹ̀dà tuntun wọlé ná, kí ẹ yẹ ìwọ̀n rẹ̀ wò, kí pípa rẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí iye kan sì wà tí kò gbọ́dọ̀ dín sí, bó ti wù kí wọ́n dàgbà tó. Àwọn irinṣẹ́ kan ti ro èyí tẹ́lẹ̀. Nínú restic, irinṣẹ́ kan tí a fi ń ṣe ẹ̀dà, `--keep-within 30d` kì í ka ọgbọ̀n ọjọ́ láti òní. Láti ọjọ́ ẹ̀dà tó kẹ́yìn ló ti ń kà á. Torí náà, bí kọ̀ǹpútà bá sùn fún oṣù mẹ́ta, kò sí ohun tó máa sọ nù títí ẹ̀dà tuntun á fi wọlé.

Bàbá àgbà, bàbá àti ọmọ

Orúkọ yìí kì í ṣe àwàdà. Láti ayé téèpù ni àwọn tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ńlá ti ń pè é bẹ́ẹ̀, ó sì bá ilé Yorùbá mu. Ọmọ ni ẹ̀dà ojoojúmọ́, wọ́n pọ̀, wọn kì í pẹ́ lọ. Bàbá ni ẹ̀dà tó kẹ́yìn nínú ọ̀sẹ̀. Bàbá àgbà ni ti ìparí oṣù. Wọn ò pọ̀, àmọ́ àwọn ló ń rántí ohun tó ti pẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ tọ́jú ọmọ 7, bàbá 4, bàbá àgbà 12. Àròpọ̀ rẹ̀ kò lè ju 23 lọ. Bí ẹ bá fi 23 yẹn kan náà ka iye ojoojúmọ́, ọjọ́ 23 sẹ́yìn ni ẹ lè dé. Bí ẹ bá tò ó ní ìran mẹ́ta báyìí, ẹ máa dé ọdún kan sẹ́yìn. Iye hard disk kan náà ni. Ká ní dátábéèsì yín jẹ́ 5GB, tí ẹ sì ń da gbogbo rẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: ẹ̀dà 23 gba 115GB. Ẹni tó fẹ́ tọ́jú ti ojoojúmọ́ fún ọdún kan gbáko yóò wá 1,825GB, ìyẹn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé terabyte méjì.

Ká ní irú èyí ni mo ṣe fún akápò wa ni, ẹ̀dà ìparí oṣù kejì ì bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì ti parí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Mi ò ní bò ó pé ó ní ihò. Bí ẹ bá kọ lẹ́tà kan ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí ẹnì kan pa á rẹ́ ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kan náà, ẹ̀dà ojoojúmọ́ nìkan ló rí i. Lẹ́yìn ọjọ́ méje tí kọ̀ǹpútà fi ṣiṣẹ́, kò sí ní ibì kankan mọ́, nítorí bàbá àti bàbá àgbà kò pàdé rẹ̀ rí. Ìgbà àtijọ́ wà lọ́wọ́ yín, àmọ́ ó fẹ́lẹ́. Ọ́fíìsì tí ìwé ń wọlé tó ń jáde láàárín ọjọ́ díẹ̀, bíi ti lọ́yà, ó yẹ kó fi ọmọ kún un, ká ní 30 dípò 7, kó tó máa ronú lórí bàbá àgbà.

Bí a ṣe ń kọ ọ́ nínú restic rèé: `restic forget --keep-daily 7 --keep-weekly 4 --keep-monthly 12`. Borg, irinṣẹ́ mìíràn tó jọ ọ́, náà ní tirẹ̀, `borg prune`, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú àwọn méjèèjì ni pé ọjọ́ tí ẹ̀dà bá wọlé nìkan ni wọ́n ń kà. Ọjọ́ tí iná kò sí, tí epo jẹnẹrétọ̀ tán, wọn ò kà á mọ́ ọjọ́ méje yín. Duplicati, irinṣẹ́ ẹ̀dà mìíràn, ní ètò ọlọ́gbọ́n kan tí ẹ ò ní kọ nǹkan kan sí: ẹ̀dà kan fún ọjọ́ méje tó kọjá kọ̀ọ̀kan, kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, kan fún oṣù 12 kọ̀ọ̀kan. Fún ẹni tí kò fẹ́ rí ojú dúdú tí a ń kọ àṣẹ sí, ibẹ̀ ni màá ní kó lọ.

Ṣáájú kí ẹ tó jẹ́ kó pa ohunkóhun rẹ́ nígbà àkọ́kọ́, ẹ fi `--dry-run` sí i. Yóò to orúkọ èyí tó fẹ́ dá sí àti èyí tó fẹ́ pa, láìfọwọ́ kan ọ̀kan. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

Kó máa fẹ́lẹ́ fúnra rẹ̀ títí àyè á fi tán

Ọ̀nà kẹrin ni ti laptop ara ẹni. Time Machine tó wà nínú Mac láti ọdún 2007 ń tọ́jú ẹ̀dà wákàtí wákàtí fún wákàtí 24 tó kọjá, ti ojoojúmọ́ fún oṣù tó kọjá, ti ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ fún gbogbo oṣù tó ṣáájú. Tí hard disk bá kún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa èyí tó pẹ́ jù. Ó jọ ti bàbá àgbà, àmọ́ ìyàtọ̀ kan wà tó ṣe pàtàkì: ẹ ò lè sọ bó ṣe máa jìnnà tó. Ìtóbi hard disk ló ń pinnu ìyẹn. Bí ẹ bá da fídíò ìgbéyàwó 200GB sórí laptop lọ́sẹ̀ yìí, ó lè jẹ́ pé ìwé ọdún tó kọjá ló máa fi àyè sílẹ̀ fún un.

Windows ní File History tirẹ̀, ẹ sì yẹ ètò rẹ̀ wò lónìí. Títí láé ló máa ń tọ́jú nǹkan bí ẹ ò bá yí i, nígbà tí disk bá sì kún, á dúró, á máa fi ìkìlọ̀ hàn yín, ìkìlọ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń tì kúrò lójú láìkà. Ẹ lè ní kó máa pa èyí tó pẹ́ rẹ́ nígbà tó bá nílò àyè, tàbí lẹ́yìn iye oṣù tí ẹ bá yàn.

Mo tò wọ́n síbí kí ẹ lè rí wọn pa pọ̀:

| Ọ̀nà | Bó ṣe jìnnà tó | Bí backup bá dúró fún oṣù kan | Ẹni tó bá mu |
|---|---|---|---|
| Iye tó kẹ́yìn | Kúkúrú, ó sì ń súnkì bí ẹ̀dà bá ń wọlé léraléra | Kò sọ nǹkan nù | Fáìlì ètò wẹ́bùsáìtì, kọ̀ǹpútà ìdánwò |
| Ọjọ́ orí | Bí ẹ bá ṣe yàn án | Ó lè pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ | Ohun tí òfin ní kẹ́ ẹ má tọ́jú pẹ́ |
| Bàbá àgbà, bàbá, ọmọ | Jìnnà, pẹ̀lú àyè kékeré | Kò sọ nǹkan nù nínú restic àti Borg | Ìwé owó, ilé ìwé, ẹgbẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí |
| Títí àyè á fi tán | Ìtóbi disk ló mọ̀ | Kò sọ nǹkan nù | Laptop ẹnì kan |

Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ń sọ fún mi pé “gbogbo nǹkan mi wà lórí Google Drive.” Ó dára, àmọ́ Drive náà ní aago ìparẹ́ tirẹ̀. Ohun tó bá wọ inú ìdọ̀tí rẹ̀ (Trash), lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́ ó ti lọ. Ẹ̀yà àtijọ́ fáìlì Excel tí ẹ gbé síbẹ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ tàbí ẹ̀yà 100 ni, àfi bí ẹ bá fọwọ́ ara yín yàn án pé kó wà títí láé. Àṣìṣe oṣù kẹta tí a rí ní oṣù kẹfà, Drive náà kò ní gbà wá. Dropbox ti ẹni tó ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, ọgbọ̀n ọjọ́ náà ni.

Ní 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mélòó kan gé, íńtánẹ́ẹ̀tì sì di ìnira ní Nàìjíríà àti ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tó bá ní láti gba fáìlì rẹ̀ padà lọ́jọ́ náà, hard disk tó wà nílé ló wúlò fún un. Mi ò ní kẹ́ ẹ fi ti íńtánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀; ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìkejì.

Pípa rẹ́ ò túmọ̀ sí pé àyè ti ṣí

Ibí yìí ló ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Tí ẹ bá sọ fún restic pé kó gbàgbé ẹ̀dà, orúkọ rẹ̀ nìkan ló yọ kúrò nínú àkọsílẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣì jókòó sórí disk títí ẹ óò fi ṣe `restic prune`. Borg náà, láti 1.2 lọ, ń fẹ́ `borg compact` kí àyè tó padà wá. Ìdí ni pé ẹ̀dà wọ̀nyí ń pín ohun tó wà nínú wọn lò. Fáìlì tí kò yí padà láti oṣù kìíní, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wà lórí disk, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀dà 23 ló ń nàka sí i. Kó tó gé ohun kan kúrò, ó ní láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹlòmíràn ṣì nílò rẹ̀.

Iṣẹ́ yẹn ń pẹ́, torí náà ẹ má fi í sí òru tí iná NEPA máa ń ṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó, ní àkókò tí inverter kún. Bí iná bá lọ láàárín rẹ̀, restic kì í ba ẹ̀dà tó kù jẹ́, ó kàn lè fi àgádágodo sílẹ̀ tí ẹ máa fi `restic unlock` ṣí. Hard disk fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, nítorí disk tí iná já mọ́ lẹ́nu nígbà tó ń kọ nǹkan lè bàjẹ́ pátápátá.

Ẹ̀yin tó ń lo irinṣẹ́ àtijọ́ tó ń ṣe ẹ̀dà kíkún lọ́jọ́ Àìkú, tó sì ń kọ ìyàtọ̀ nìkan láti Ajé dé Sátidé, ẹ ṣọ́ra gidi. Ilé olókè ni. Ẹ̀dà Àìkú ni ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá fọwọ́ pa á rẹ́ nítorí pé ó pẹ́ jù, gbogbo ọjọ́ mẹ́fà tó wà lórí rẹ̀ wó lulẹ̀. Ẹ máa pa ọ̀sẹ̀ odindi rẹ́ pa pọ̀ ni.

Ohun tí òfin sọ

Ilé iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ tọ́jú ìwé owó rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, gẹ́gẹ́ bí òfin ilé iṣẹ́ ọdún 2020 ṣe wí. Bàbá àgbà 12 kò tó nìyẹn. Ẹ fi ti ọdọọdún kún un, `--keep-yearly 7`, kí ọdún kẹfà má bàa jábọ́ kó tó pé.

Òfin ààbò dátà ọdún 2023 sì ń fà wá sí apá kejì: ìsọfúnni nípa èèyàn, ẹ má tọ́jú ẹ ju bó ṣe yẹ lọ. Ilé ìwòsàn tó bá da ìwé owó àti fáìlì aláìsàn pọ̀ sínú backup kan ṣoṣo, tó fún un ní ọdún méje, ti kó ara rẹ̀ sí wàhálà. Ẹ ya wọ́n sọ́tọ̀. Ìwé owó nínú tirẹ̀, pẹ̀lú ọdún méje. Ìsọfúnni èèyàn nínú tirẹ̀, pẹ̀lú àkókò tí iṣẹ́ yín nílò, kí ó sì parẹ́ níbẹ̀ lásìkò. Ibí nìkan ni mo ti gbà pé kíka ọjọ́ orí ló dára jù.

Èwo ni kẹ́ ẹ wá mú?

Ayàwòrán òde àríyá, má fi ìparẹ́ aládàáṣe kankan sórí àwòrán tí o ti pa rẹ́ kúrò lórí laptop. Ẹ̀dà tó jẹ́ òun nìkan ló kù kì í ṣe backup mọ́, òun gan-an ni ojúlówó. Hard disk méjì, ọ̀kan ní Gwarinpa, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ní Lugbe, ọwọ́ rẹ ni kí o sì fi máa pa á rẹ́ lẹ́yìn tí oníbàárà bá ti gba tirẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ ìwé àṣekágbá, Time Machine tàbí File History tó fún ọ, bí o bá ń so disk náà mọ́ ọn.

Ẹni tó ń tọ́jú owó ẹlòmíràn, bàbá àgbà, bàbá àti ọmọ. Mi ò rí ìdí kankan tí mo fi lè ní kó mú òmíràn.

Fún ẹgbẹ́ Kubwa, mo ṣètò ọmọ 14, bàbá 8, bàbá àgbà 24 àti ti ọdọọdún 7. Fáìlì Excel yẹn kò tó megabyte méjì, àyè kì í ṣe ìṣòro wa rí. Disk méjì ló ń pààrọ̀ ipò: ọ̀kan wà lára kọ̀ǹpútà, èkejì wà nínú àpótí akápò láìso mọ́ nǹkan kan, níbi tí àṣẹ ìparẹ́ tàbí kòkòrò kọ̀ǹpútà kò lè dé. Ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù, a máa ń yọ ẹ̀dà oṣù mẹ́ta sẹ́yìn jáde, a ṣí i, ìyá náà á mú káàdì márùn-ún lára èyí tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á ka orúkọ, èmi á ka owó.